Pásééjì wa há: irú ilẹ̀kùn wo ni kí n fi sí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà nínú rẹ̀?

ÌyáÌbejì_Bódìjà

Ẹ kú ilé o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ló gbé mi dé lónìí, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Ilé tí à ń gbé ní Bódìjà, ara àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n kọ́ láyé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni. Yàrá mẹ́ta ni, pásééjì kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀ títí dé balùwẹ̀. Pásééjì náà há. Mo wọ̀n ọ́n láti ògiri sí ògiri, íńṣì 38 ni. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni wọ́n ti dá àyè kọ́bọ́ọ̀dù sí inú ògiri: fífẹ̀ rẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 5, gíga rẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 7, jíjìn rẹ̀ sínú ẹsẹ̀ bàtà 2. Ilẹ̀kùn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ikán ti jẹ ẹ́ dé ìdí, a ti yọ ọ́ sọnù. Kọ́tíìnì la fi bò ó báyìí.

Ohun tó wà nínú rẹ̀: aṣọ ìbora, aṣọ bẹ́ẹ̀dì, aṣọ òkè tí mo kó pamọ́, àpótí ìrìn-àjò, pátákó ìlọṣọ, ìgbálẹ̀. Kò sí aṣọ tí a fi háńgà kọ́, ṣíṣẹ́ ni gbogbo ẹ̀.

Baálé mi ní kí wọ́n fi ilẹ̀kùn gbàǹgbà méjì tó ń ṣí síta síbẹ̀, wọ́n ní ìyẹn ló dín owó jù. Káfíńtà tó wá wò ó ní ilẹ̀kùn onídígí tó ń sún lórí réèlì ló lòde. Ohun tó jẹ èmi lógún ni pé ìyá ọkọ mi ti wá ń gbé lọ́dọ̀ wa. Wọ́kà ni màmá fi ń rìn, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin yẹn, pásééjì yìí nìkan sì ni ọ̀nà wọn sí balùwẹ̀, lóru pàápàá. Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ń ṣí sínú ní tirẹ̀, kò dí ọ̀nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Adé_Houston

Ẹ kú iṣẹ́ ilé, mà. Lọ́dọ̀ wa níbí, ilẹ̀kùn aṣẹ́po ni ẹ máa rí jù ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Abala méjì ni ínjì so pọ̀ láàárín. Tí ẹ bá fà á, á ká sí méjì, á sì sún lọ bá ẹ̀gbẹ́. Réèlì tín-ín-rín wà lókè tí róólà ń rìn nínú rẹ̀, irin kékeré kan sì gbé e dúró lẹ́sẹ̀ níbi férémù. Fún ẹsẹ̀ bàtà 5 tiyín, abala mẹ́rin ni, méjì lápá òsì, méjì lápá ọ̀tún.

Ohun tó wù mí nínú rẹ̀ ni pé gbogbo ẹnu kọ́bọ́ọ̀dù ló ń ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ò ní máa sún ilẹ̀kùn lọ sún un bọ̀ kí ẹ tó rí aṣọ ìbora kan. Àléébù rẹ̀ ni pé àwọn olówó pọ́ọ́kú, ike ni róólà wọn. Ọmọ bá fà á ní ìfà ìbínú lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti já kúrò lórí réèlì nìyẹn. Tí ẹ bá máa rà á, ẹ ra onírin.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Ṣáṣá

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Iṣẹ́ tèmi nìyí, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó kí á tó jiyàn.

Ẹsẹ̀ bàtà 5 jẹ́ íńṣì 60. Ilẹ̀kùn gbàǹgbà méjì, íńṣì 30 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ọ̀kan bá ṣí, tó dúró gbọọrọ sí pásééjì, 38 dín 30, íńṣì 8 ló kù. Íńṣì 8! Ológbò ló máa gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ bá mi kí Bàbá Ìbejì dáadáa, ẹ ní mo ní kò ṣeé ṣe.

Onírééèlì kò jẹ nǹkan kan lára pásééjì, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n abala méjì ni, ọ̀kan wà lẹ́yìn èkejì, nítorí náà ìdajì ẹnu kọ́bọ́ọ̀dù ni ẹ máa rí ṣí nígbàkígbà. Réèlì méjì náà á sì jẹ tó íńṣì 3 lára jíjìn yín. Ti dígí wá ni kẹ́ ẹ gbọ́. Dígí tó nípọn mìlímítà 4, kílò 10 ni mítà onígun mẹ́rin kan rẹ̀. Ilẹ̀kùn tó fẹ̀ ní íńṣì 30, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 7, ó lé ní mítà onígun mẹ́rin kan àtààbọ̀. Tí ẹ bá ro HDF mìlímítà 18, pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi tẹ̀ pọ̀, tí wọ́n máa lẹ dígí náà mọ́, abala kan á lé ní kílò 35. Róólà tí wọ́n ń tà káàkiri ọjà kò lè gbé e pẹ́, pàápàá níbi tí ìbejì ti ń fà á.

Kí n tó sọ tèmi, mo fẹ́ mọ nǹkan mẹ́ta. Ṣé súwíìṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù náà? Báwo ni ògiri tó ṣófo ní òsì àti ọ̀tún rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó? Kí ni ilẹ̀ ibẹ̀, táìlì ni àbí tẹ̀rásò?

Ọmọ_Ifẹ̀_Kékeré

Ẹ dákun, dígí nínú pásééjì, ní ago méjì òru, tí wọ́n ti mú iná lọ, tí màmá ń ti balùwẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́? Màmá á pariwo olè, gbogbo àdúgbò á tú jáde.

Màmá_Ìtòkú

Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ni kọ́tíìnì ṣe yín? Ìyá Ìbejì, ọmọ mi, dá owó rẹ dúró. Ra adìrẹ tó nípọn, tàbí kíjìpá bí o bá rí i, rán an kó kún dáadáa, kó sì gùn débi tí kò fi ní kan ilẹ̀. Tó bá jẹ́ adìrẹ, kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ kí àró rẹ̀ má baà ràn mọ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì rẹ. Irin tí o máa fi kọ́ ọ, kó ní ìdádúró láàárín, torí ẹsẹ̀ bàtà 5 ti pọ̀ jù fún irin tí wọ́n so ní igun méjì nìkan, á tẹ̀ bọrọgidi.

Kọ́tíìnì kì í dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ìyá ọkọ rẹ á fara kan án, á kọjá. Afẹ́fẹ́ á sì máa dé ibi aṣọ òkè. Èmi ò fi ilẹ̀kùn sí tèmi rí, aṣọ mi kò sì bu.

ÌyáÌbejì_Bódìjà

Màmá, ẹ ṣé gan-an mà. N kò ní kọ́tíìnì sínú, òun náà la ń lò, ṣùgbọ́n ó ti sú mi. Eku ti rí ọ̀nà gba abẹ́ rẹ̀, ó sì ti gé etí aṣọ ìbora kan. Àwọn ìbejì wá sọ ọ́ di ibi ìsápamọ́. Ìgbà kan tí Kẹ́hìndé so rọ̀ mọ́ ọn, òun àti irin ni wọ́n jọ wálẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹ ṣeun fún ìṣírò yẹn. Mo ti kà á fún Bàbá Ìbejì, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé pásééjì kéré tó bẹ́ẹ̀. Súwíìṣì wà lápá òsì, íńṣì 6 péré sí etí kọ́bọ́ọ̀dù. Lápá ọ̀tún, ògiri tó ṣófo ò ju íńṣì 20 lọ kí ilẹ̀kùn yàrá àwọn ọmọ tó bẹ̀rẹ̀. Tẹ̀rásò àtijọ́ ni ilẹ̀, ó ṣì dán.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Ṣáṣá

Áà, súwíìṣì yẹn ti ba nǹkan jẹ́. Nǹkan tí ọ̀gá mi kọ́ wa, tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í ṣe mọ́, ni mo fẹ́ sọ. Ẹ ṣe abala mẹ́rin, íńṣì 15 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ínjì so méjì méjì pọ̀, ẹ sì fi ínjì so ti ẹ̀gbẹ́ mọ́ férémù, láìsí réèlì kankan. Tí ẹ bá ṣí i, á ká lé ara rẹ̀, ẹ óò wá yí gbogbo ẹ̀ padà sẹ́yìn, á sùn pẹlẹbẹ mọ́ ògiri pásééjì. Gbogbo ohun tó máa yọ jáde kò ní ju íńṣì 2 lọ. Àmọ́ ó nílò ògiri tó ṣófo ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, íńṣì 15 ó kéré tán. Lọ́wọ́ ọ̀tún yín, ó ṣeé ṣe. Lọ́wọ́ òsì, á bo súwíìṣì mọ́lẹ̀. Àyàfi tí ẹ bá máa ní kí oníná bá yín gbé súwíìṣì, ìyẹn sì tún ni fífọ́ ògiri àti ọ̀dà kíkùn.

Bàbáfẹ́mi_Ìkòròdú

Ọ̀gá káfíńtà, ẹ ń fi réèlì dẹ́rù bà wọ́n jù. Pásééjì tèmi há ju tiwọn lọ, onírééèlì ni mo lò, kò sì ní wàhálà. Àṣírí rẹ̀ ni pé òkè ni kí réèlì wà, kí ilẹ̀kùn so rọ̀ sórí rẹ̀. Nísàlẹ̀, kiní kékeré kan tó ń tọ́ ọ sọ́nà ló wà níbẹ̀, kò sí kòtò nílẹ̀ tí iyanrìn àti omi ìnulẹ̀ máa wọ̀. Èyí tó ń rìn nísàlẹ̀ ni ọ̀tá yín. Ó di kí wọ́n nu ilẹ̀ fún oṣù díẹ̀ kí ó tó dípẹtà, kí ó wá máa ké.

Ẹ ní ìdajì ló ń ṣí. Kí ni èèyàn fẹ́ mú tí kò ní rí mú láti ẹnu tó fẹ̀ ní íńṣì 29?

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Ṣáṣá

Àpótí ìrìn-àjò tí wọ́n tò sí àárín ni, sà. Ibi tí ilẹ̀kùn méjèèjì ti pàdé, kò sí bí ẹ ṣe sún un tí ohun tó bá wà níbẹ̀ á fi jáde ní gbọọrọ. Ẹ̀gbẹ́ lẹ ó ti máa tì í.

Ṣùgbọ́n ẹ ò parọ́. Ká ní pásééjì wọn ò tó ẹsẹ̀ bàtà 3 ni, tàbí kí balùwẹ̀ máa ṣí síta sí ojú kọ́bọ́ọ̀dù gan-an, n kì bá bá yín jiyàn. Onírééèlì tó so rọ̀ látòkè, tí kò ní dígí, ni n bá ní kí wọ́n ṣe.

Tọ́lá_Peckham

Ẹ káàsán o. Gbogbo yín ń wo ilẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ ká wo kọ́bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀.

Ìyá Ìbejì ní kò sí aṣọ tó wà lórí háńgà. Nítorí háńgà la ṣe ń ṣe kọ́bọ́ọ̀dù ní ẹsẹ̀ bàtà 2: háńgà fúnra rẹ̀ fẹ̀ tó íńṣì 17 tàbí 18, apá aṣọ tún máa ń yọ kọjá rẹ̀. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti ìbora tí a ṣẹ́, íńṣì 15 sí 16 ti tó wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́dúróòbù PAX ti IKEA tí a ń rà níbí fi wà ní oríṣi méjì, sẹ̀ǹtímítà 58 fún ti háńgà, 35 fún ibi tó há.

Ẹ ò wá ṣe jẹ́ kí ilẹ̀kùn wọlé díẹ̀? Ẹ má fi férémù sí ojú ògiri, ẹ tì í wọ inú íńṣì 6. Tí ẹ bá lo aṣẹ́po tí Adé sọ, abala íńṣì 15, íńṣì 6 rẹ̀ á wà nínú ògiri nígbà tó bá ká, 9 péré ló máa yọ sí pásééjì. Íńṣì 29 á kù fún màmá.

Níbí, tó bá jẹ́ ilé alájà ni, wọn kì í fẹ́ rí ẹrù kankan ní ọ̀nà tí gbogbo èèyàn jọ ń gbà, torí ibẹ̀ ni gbogbo ilé máa sá gbà bí iná bá ṣẹ́. Láti ìgbà tí mo ti ń gbé ibẹ̀, ojú yẹn ni mo fi ń wo pásééjì ibikíbi: ẹ jẹ́ kí ó ṣeé sá gbà.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Ṣáṣá

Àǹtí Tọ́lá, ẹ káre láé! Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jáde lẹ́nu mi lẹ gbà sọ yẹn.

Ìyá Ìbejì, ẹ wo bó ṣe máa rí. Íńṣì 24 ni jíjìn yín. Ẹ yọ 6 tí ilẹ̀kùn wọ inú, ẹ yọ 1 àtààbọ̀ fún ilẹ̀kùn àti réèlì, 16 àtààbọ̀ kù fún pẹpẹ. Àpótí ìrìn-àjò á dúró ní ẹ̀gbẹ́, pátákó ìlọṣọ á fara ti ògiri inú. Tí ẹ bá wá ní agbádá kan tàbí méjì tí ẹ fẹ́ kọ́ lọ́jọ́ iwájú, ẹ jẹ́ kí irin rẹ̀ ti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú dípò kí ó dábùú. Aṣọ á wá kọjú sí yín.

Ohun tí ẹ máa pàdánù: abala tó bá ká á dúró sí ẹ̀gbẹ́, nǹkan bí íńṣì 2 àtààbọ̀ lápá kọ̀ọ̀kan. Ẹnu kọ́bọ́ọ̀dù yín á di 55 dípò 60. Kò burú. Tí wọ́n bá ṣe é báyìí, kò lè sùn mọ́ ògiri mọ́ bíi ti ọ̀gá mi, torí etí ògiri á dá a dúró. Ṣùgbọ́n súwíìṣì yín á wà níbi tó wà.

Bàbáfẹ́mi_Ìkòròdú

Mo ní ìbéèrè kan. Ta ni ń kó aṣọ ìbora lóru tí màmá fẹ́ kọjá? Tí ilẹ̀kùn bá wà ní títì, gbogbo ìṣírò 8, 29 yìí, kí ló wà fún?

ÌyáÌbejì_Bódìjà

Bàbá Fẹ́mi, ẹ ò ní ìbejì nílé nìyẹn o. Ilẹ̀kùn wo ni wọ́n ń tì? Wọ́n á mú ìgbálẹ̀, wọ́n á fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Bí màmá bá ji lóru, ohun tí wọ́n máa kọlù nìyẹn.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Ṣáṣá

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ilẹ̀kùn tó dáa fún ibi tó há, nígbà tí wọ́n fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí lẹ ti ń mọ̀ ọ́n. Nígbà tó bá wà ní títì, gbogbo wọn ló dáa.

Ayàwòránilé_Àkúrẹ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àlàyé. Iṣẹ́ yíya ilé ni mò ń kọ́. Ohun kan ni n ò tíì rí kí ẹnikẹ́ni mú bọ ẹnu àyàfi Màmá Ìtòkú: afẹ́fẹ́.

Balùwẹ̀ ò jìnnà sí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, omi gbígbóná lẹ sì ń wẹ̀. Ooru rẹ̀ á máa wọ pásééjì tí kò ní fèrèsé. Láti ìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, ògiri pàápàá ń mu omi. Bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn pa mọ́ aṣọ tí ẹ ò fún un ní ibi ìmí, á máa rùn, á bu. Aṣọ òkè tó ní òwú tó ń dán, dídán rẹ̀ á máa ṣá. Káńfọ̀ kò lè ṣe nǹkan kan sí èyí, kòkòrò ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ ní kí wọ́n ṣe apá òkè abala kọ̀ọ̀kan ní onílúfà, igi pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tó dagun bíi ti fèrèsé àtijọ́. Kí wọ́n sì fi àyè ìdajì íńṣì sílẹ̀ nísàlẹ̀. Pẹpẹ inú, kí ó má kan ògiri ẹ̀yìn, kí afẹ́fẹ́ lè gòkè. Bí ògiri ẹ̀yìn bá jẹ́ ògiri ìta tí òjò ń pa, ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó kan igi mọ́ ọn.

Àti fún màmá: iná kékeré oníbátìrì wà lọ́jà tó ń tàn fúnra rẹ̀ tí èèyàn bá ń kọjá. Ẹ lẹ ọ̀kan mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri, nítòsí kọ́bọ́ọ̀dù.

Màmá_Ìtòkú

Ọmọ yìí gbọ́n. Ṣé ẹ rí i, afẹ́fẹ́ ni mo ń wí láti ìbẹ̀rẹ̀. Aṣọ òkè, ẹ máa kó o síta lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ sá a sí ibòji, kì í ṣe oòrùn o. Kí ẹ sì yí ojú ibi tí ẹ ti ṣẹ́ ẹ padà, kí ó má baà gé níbẹ̀.

ÌyáÌbejì_Bódìjà

Ẹ jẹ́ kí n jábọ̀. Lánàá, èmi àti Bàbá Ìbejì gé páálí tẹlifíṣàn sí íńṣì 15, a fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí ògiri kọ́bọ́ọ̀dù bí ilẹ̀kùn tó ṣí. A wá bẹ màmá pé kí wọ́n bá wa rìn kọjá. Wọ́kà wọn fẹ̀ tó íńṣì 25. Nígbà tí páálí wà lójú ògiri, íńṣì 23 ló kù: ẹsẹ̀ wọ́kà kọ́ páálí, màmá dúró, wọ́n wò wá, wọ́n ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kí n máa gbé e lérí kọjá ni?" A wá tì í wọ inú íńṣì 6. Wọ́n kọjá lọ, wọ́n kọjá bọ̀, wọn ò fara kan nǹkan kan. Bàbá Ìbejì fúnra wọn ló ní ó ti parí, ẹ jẹ́ ká ṣe ti Peckham.

Ó ku igi. Káfíńtà tó wá ní HDF ni òun máa lò. Ẹnì kan ládùúgbò ní ìrókò, nítorí ikán. Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí sí i?

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Ṣáṣá

Ìrókò ò bẹ̀rù ikán, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó wúwo. Ilẹ̀kùn aṣẹ́po kò fẹ́ ìwúwo, torí abala tó wà láàárín kò ní ohun tó gbé e ju ínjì àti róólà lókè lọ. Ẹ lo ìrókò fún férémù tó kan ògiri, ibẹ̀ ni ikán ti ń gbà wọlé. Kí ẹ sì ní kí wọ́n fi oògùn ikán pa ẹ̀yìn rẹ̀ àti ihò ògiri náà kí wọ́n tó gbé e sí i.

HDF, abala kan ní ìwọ̀n yín á tó kílò 11 sí 12. Ìṣòro tèmi pẹ̀lú rẹ̀ ni omi. Etí rẹ̀ ló ń mu ún. Bí téèpù etí bá ti ṣí díẹ̀ nísàlẹ̀, tí omi ìnulẹ̀ dé ibẹ̀, á wú, kò sì ní padà sí bó ṣe wà mọ́ láé. Lúfà kò sì ṣeé ṣe dáadáa lára rẹ̀.

Tèmi ni kí ẹ ṣe férémù abala ní ọ̀gànwó, kí òkè jẹ́ lúfà, kí ìsàlẹ̀ jẹ́ pílááwúùdù tẹ́ẹ́rẹ́. Ó fúyẹ́, kì í sì yí bọ̀rọ̀. Wọ́n á fẹ́ fi arère tàn yín torí ó dínwó, ẹ má gbà. Ó fúyẹ́ lóòótọ́, àmọ́ kòkòrò àti ikán fẹ́ràn rẹ̀. Afárá ṣì dáa díẹ̀, tí owó ò bá tó.

Ọjà pákó wà lẹ́nu ọ̀nà yín ní Bódìjà, ẹ bá a lọ. Ẹ má jẹ́ kí ó ra pákó tútù. Ẹ gbé méjì tó dọ́gba, èyí tó bá wúwo ju èkejì lọ gan-an ṣì ní omi nínú. Pákó tútù tí wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn nígbà òjò, tí ọyẹ́ bá dé, á sún kì, àlàfo á yọ láàárín. Èyí tí wọ́n ṣe nígbà ọyẹ́ tí wọn ò fi àyè sílẹ̀ fún, òjò á dé, kò ní tì mọ́. Ẹ ní kí ó fi nǹkan bí ìdá mẹ́jọ íńṣì sílẹ̀ láàárín abala sí abala.

Kí ó wọn ẹnu kọ́bọ́ọ̀dù lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, kí ó sì wọ̀n ọ́n láti igun dé igun ní ọ̀nà méjèèjì. Ògiri ilé àtijọ́ kì í gún. Èyí tó kéré jù ni kí ó fi ṣiṣẹ́, kí ó fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ dí ìyókù.

Adé_Houston

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un: irin tí ilẹ̀kùn dúró lé lẹ́sẹ̀, kí ẹ ra èyí tó ní síkúrúù tí wọ́n fi ń gbé e sókè tàbí sísàlẹ̀. Tí ilẹ̀kùn bá tẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, kẹ́ ẹ lo sípánà kékeré, kò nílò káfíńtà. Kí ẹ sì fi oofà sí òkè níbi tí abala méjì ti pàdé. Tí ìbejì bá tì í díẹ̀, á fa ara rẹ̀ wọlé.

Ọmọ_Ifẹ̀_Kékeré

Íńṣì 6 tí ilẹ̀kùn fi wọ inú yẹn, ìbejì ti rí ibi ìjókòó nìyẹn o. Ìyá Ìbejì, ẹ máa wò ó.

Tọ́lá_Peckham

Ohun kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi kókó tó yọ síta síbẹ̀. Nínú pásééjì tó há, ìró màmá á há mọ́ ọn, apá bùbá á há mọ́ ọn. Ẹ ní kí wọ́n gbẹ́ ihò tí ìka lè wọ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Ṣáṣá

Bẹ́ẹ̀ ni. Kí ihò náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ínjì tó so abala méjì pọ̀, má fi sí etí tí abala òsì àti ọ̀tún ti pàdé. Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti ń ká. Tí wọ́n bá fà á níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin á ṣí i pẹ̀lú ìka kan. Tí wọ́n bá fà á ní etí, róólà lẹ ń fìyà jẹ.

ÌyáÌbejì_Bódìjà

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé. Káfíńtà ń bọ̀ ní Sátidé. Ó ti kọ́kọ́ jiyàn lórí fóònù pé òun ò ṣe é rí kí férémù wọ inú bẹ́ẹ̀, mo ní kó wá wo páálí tó wà lára ògiri. Ẹ̀gbọ́n, ti ọ̀dà ńkọ́? Ṣé kí ó kùn ún kí ó tó gbé e kọ́ ni àbí lẹ́yìn náà?

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Ṣáṣá

Kí ó tó gbé e kọ́. Kí ó kun iwájú, ẹ̀yìn, etí méjèèjì, orí àti ìsàlẹ̀. Orí àti ìsàlẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé torí ojú ò rí wọn, ibẹ̀ náà ni pákó ti ń mu omi jù. Ẹ dúró tì í kí ẹ rí i pé ó kùn ún. Lúfà á gba àkókò, kí ó lo búrọ́ọ̀ṣì kékeré, kí ó má da ọ̀dà sí i débi tí yóò fi lẹ̀ mọ́ra. Tó bá ti gbẹ, ẹ gbé e kọ́, ẹ fi àwòrán ránṣẹ́ sí wa.